Níbo Ni Wọ́n Ti Tẹ̀ Ẹ́ Jáde?

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ 'Rárá' níbẹ̀ yẹn ká lè sinmi."

Olúmidé ò tẹ nǹkan kan. Ó gbé fóònù jìnnà sójú, ó tún fà á súnmọ́, àfi bí ẹni pé ìbéèrè náà lè yí padà tó bá pẹ́ níbẹ̀. Kò yí padà o. Ohun tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù ni: Ǹjẹ́ wọ́n ti tẹ ewì yìí jáde rí? Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn kì í gba ewì tó ti jáde níbòmíràn.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Olúmidé, iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta. Láti ilé-ìwé ló ti ń kọ ewì, ohun kan ṣoṣo ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kó rí orúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ ewì, nínú ìwé tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí máa kà. Ó ti wá mágasíìnì títí, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ọ̀kan ní ewì Gẹ̀ẹ́sì nìkan làwọn ń gbà. Òmíràn gba tiẹ̀, kò fèsì títí di òní. Ẹ̀kẹta ti kógbá sílé kí ewì rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbà tí Àràmídé ọmọ rẹ̀ wá rí èyí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mágasíìnì tó ń gba ewì Yorùbá, ńṣe ni bàbá ọ̀hún fò sókè bí ọmọ ọdún méje. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù. Aago méjì ti lù.

"Ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú Màmá ni ewì yìí wà," ló wí.

"Ìwé ètò ìsìnkú!" Àràmídé pàtẹ́wọ́. "Dádì, ìyẹn náà nìwé? Èyí táwọn èèyàn fi ń fẹ́ atẹ́gùn sára nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Orúkọ yín gan-an ò sí níbẹ̀. 'Láti ọwọ́ àwọn ọmọ' ni wọ́n kọ. Ta ló máa mọ̀? Tàbí kẹ́ ẹ kúkú fi òmíràn ránṣẹ́."

"Àwọn yòókù ò tó o."

Òótọ́ lọmọ yẹn sọ nípa orúkọ. Miriam, ẹ̀gbọ́n Olúmidé, ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó má dà bíi pé ẹnì kan ń ṣe àṣehàn lórí òkú ìyá gbogbo wọn. Olúmidé gbà nígbà yẹn, àmọ́ ó dùn ún wọ eegun.

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni," ló wí. "Ìwé tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣé a ṣì lè sọ pé ó jáde?" Ló bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ káàsán mà, Àǹtí Miriam. Ìwé ètò ìsìnkú Màmá, mélòó la tẹ̀?"

"Irínwó. Olú, ọdún kẹta rèé. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?"

"Tèmi bá òjò lọ nígbà tí òrùlé wa jò. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti sun ún nígbà tí wọ́n ń tún yàrá ẹgbẹ́ akọrin ṣe."

Inú Olúmidé dùn ṣìnkìn. Ojú sì tì í pé inú rẹ̀ ń dùn.

"Àfi ti Ìyá Jedidiah ní Ìgbẹ̀ìn o," ni Miriam fi kún un. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ló bi mí pé ta ló kọ ewì ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní gbogbo wa ni."

Olúmidé mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyá Jedidiah, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti Màmá ń lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà, Bíbélì rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà."

"Ọmọ ìyá Miriam! Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí mà. Ìwé ètò ìsìnkú Màmá wa ni mo ní kí n wá wò lọ́wọ́ yín."

Ìyá nu ọwọ́, ó ṣí Bíbélì sí ìwé Sáàmù. Ojú ewé kan ṣoṣo ló yọ, èyí tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n fi síṣọ́ọ̀sì gé jẹ́jẹ́. Olúmidé nawọ́ kó gbà á. Ìyá ò fún un. Kò sì wo ìwé ọ̀hún rárá tó fi bẹ̀rẹ̀:

"Abọ́ tí o dé sílẹ̀ dè mí,
mo ṣí i, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́;
ọwọ́ tó dé e ló ti tutù."

Olúmidé ò mọ ibi tó máa gbójú sí. Kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí.

"Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí n lè wá síbi ìsìnkú yẹn," ni ìyá wí. "Jedidiah ló mú ìwé náà wálé fún mi. Oṣù kẹrin lẹ́yìn ẹ̀, bàbá ẹ̀ kú. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń ní kí n mọ́kàn le, kí n mọ́kàn le. Ìwé yìí nìkan ni kò sọ fún mi pé kí n má sunkún. Ta ló kọ ọ́ gan-an? Ẹ̀gbọ́n ẹ ní gbogbo yín ni. Èmi tíṣà! Ọmọ márùn-ún kì í pawọ́ pọ̀ kọ irú èyí."

"Èmi ni, mà."

Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wa ní Ìbarà?" Ó rẹ́rìn-ín títí, omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wá bíró nínú àpò, ó tẹ́ ìwé náà sórí Bíbélì. "Ó yá, fi orúkọ ẹ sí i. Kí n yé dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí n ò mọ̀."

Olúmidé gba bíró, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ewì náà.

Nígbà tó padà délé, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àràmídé ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì, ó wà lọ́wọ́ wọn?"

"Ó wà. Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan péré nínú irínwó! Ẹ tẹ 'Rárá', ẹ jọ̀ọ́."

"Tí mo bá tẹ 'Rárá', a jẹ́ pé Ìyá Jedidiah ò ka nǹkan kan nìyẹn."

"Wọn ò ní gbà á o."

"Mo mọ̀." Ó dùn ún, kò sì díbọ́n pé kò dun òun. Ó jókòó, ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Ìbéèrè mìíràn yọ lábẹ́ rẹ̀: Níbo?

Ó rò ó díẹ̀, ó wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ pé: "Nínú Bíbélì Ìyá Jedidiah, ní Ìgbẹ̀ìn, Abẹ́òkúta. Orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó sì fi í ránṣẹ́.