Ó Ta Ilé Tán, Kò Lọ

Ilé wíwò ti sú nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó rí èyí tí apá wọn ká. Iye tí wọ́n ń pe ilé àárín ìlú kò ṣe é gbọ́ sétí. Àwọn tó rọjú wà lọ́nà jíjìn, bí èèyàn bá fi máa dé ibi iṣẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ tán. Àdúgbò yìí ló bọ́ sí àárín méjèèjì: àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kéékèèké tí wọ́n fara ti ara wọn, ọgbà tóóró lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo dé ọsibítù. Òótọ́ ni pé ọ̀dà ara ilẹ̀kùn ti ń bó, àtẹ̀gùn sì ń ké bí ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ilé ni.

Bàbá tó tà á fún wọn, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, orúnkún rẹ̀ ò gba àtẹ̀gùn mọ́, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ló kó lọ. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ṣàdúrà fún wọn, ó lọ.

Wọn ò tíì tú ẹrù tán tó fi padà dé.

Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fa kọ́tìnnì, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ ló gbọ́ gbó, gbó, gbó lẹ́yìnkùlé. Ó yọjú lójú fèrèsé. Bàbá ló ń kan pákó mọ́ ọgbà.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Pákó yìí ti ń mì. Padà lọ sùn, ọmọ mi, mi ò ní pẹ́."

"Ibo lẹ gbà wọlé?"

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mi ò kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́ tiyín, torí kò rọrùn fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣí."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Lọ́jọ́ kejì, bàbá wá gé òdòdó. Lọ́jọ́ kẹta, ó kanlẹ̀kùn láti sọ fún un pé wọn kì í dé ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, inú ilé ìdáná gan-an ni nọ́ọ̀sì ti bá a, tó ń fi kọ́ọ̀bù nọ́ọ̀sì mu tíì, tó lejú mọ́ tábìlì.

"Ibi tí ìyá àwọn ọmọ mi ń gbé e sí kọ́ nìyí."

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, kì í sábà sí nílé. Nọ́ọ̀sì rò ó fún un lórí fóònù.

"Àgbàlagbà ni," ni ọkọ wí. "Ṣe bí ẹni tí ò rí i."

"Mi ò wulẹ̀ fẹ́ rí i! Oorun ni mo fẹ́ sùn!"

"Ó kúkú ń bá wa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

"Wàá sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó o wà lọ́nà jíjìn."

Nọ́ọ̀sì pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ni télọ̀ tó múlé tì wọ́n bá ṣí ọgbà tirẹ̀ fún bàbá kó gba ibẹ̀ kọjá. "Ṣé ẹ ó ti bàbá síta ni?" ló ń bi nọ́ọ̀sì, bí ẹni pé nọ́ọ̀sì ló jalè.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, nọ́ọ̀sì fi ọ̀dà yẹ́lò kun ilẹ̀kùn iwájú fúnra rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú débi pé ó ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ti di aláwọ̀ ewé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bàbá dúró tì í, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Bàbá, ta ló ni ilé yìí?"

"Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n yẹ́lò yẹn ò bá a mu."

"Ẹ ti tà á! Ṣé èèyàn ń ta ẹran kó tún di okùn ẹ̀ mú ni? Ẹ ṣàánú mi, ẹ máa lọ sílé yín!"

Ọ̀rọ̀ "ilé yín" ló dun bàbá. Ó nu búrọ́ọ̀ṣì, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Kò wá mọ́. Nọ́ọ̀sì sùn àsùnhanrun. Àmọ́ kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí obìnrin kan fi kan ilẹ̀kùn, tó fajú ro. Ọmọ bàbá ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí bàbá mi? Ó ní òun ríṣẹ́, ojoojúmọ́ ló ń gbé àpótí jáde. Ní báyìí ó jókòó sójú kan, ó ní wọ́n ti lé òun."

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ta ló gbà á?"

"Ó ní obìnrin kan ni. Pé inú máa ń bí i, torí kì í sùn dáadáa."

Nọ́ọ̀sì la ẹnu, kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú ẹ̀rín àti ariwo.

"Ẹ sọ fún un pé ọ̀gá ẹ̀ ní kó padà. Sátidé nìkan o. Lọ́sàn-án. Kó gba iwájú, kó sì kanlẹ̀kùn."

Ní Sátidé, bàbá kanlẹ̀kùn títí àdúgbò fi jí.

"Ọ̀sán ni mo wí, bàbá."

"Ọ̀sán náà ló ń bọ̀ yìí."

Nọ́ọ̀sì gbé agolo ọ̀dà lé e lọ́wọ́. "Yẹ́lò ni."

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé oògùn kíkorò mì. Ó kùn ún, ó sì ń kùn sínú bó ṣe ń kùn ún. Nígbà tó lọ tán, nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn, ó rí i pé bàbá dá etí ilẹ̀kùn sí láwọ̀ ewé, níbi tí ẹni tó wà níta ò lè rí. Ó pòṣé, ó tì í, ó lọ sùn.