Wọ́n Fẹ́ Di Ẹ̀bi Ru Àgbo

Kò sí ọmọ Yorùbá tó mọ Kíkẹ́lọmọ Akínfẹ́mi ní Marietta nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò tíì mu àgbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ òyìnbó ló ń gún jẹun, ṣùgbọ́n bí ara bá ń ro ọmọ ìjọ wọn, ìdí ìkòkò rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Èèpo ọ̀gànwó, ewé ìbẹ́pẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni, kò sí àbùlà kankan níbẹ̀.

Àgbo yìí ni wọ́n wá fẹ́ di ẹ̀bi rù. Ìbùkúnolúwa ọmọ rẹ̀ ń fi bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ṣiṣẹ́ ṣe. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó eré náà yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá oògùn tí ń fún iṣan lágbára níbẹ̀, èyí tí òfin eré náà kà léèwọ̀. Bí kò bá rí àwáwí gidi, wọn yóò lé e kúrò lórí pápá fún odidi sáà kan. Ni Seth, lọ́yà rẹ̀, bá ní kí ìyá sọ fún ìgbìmọ̀ pé àgbo òun ló fà á. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, just tell them pé àgbo yín ni,” ni ọmọ wí. “Wọn ò tiẹ̀ mọ what's in it.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Kíkẹ́lọmọ wọ egungun. Ṣé torí pé òyìnbó ò mọ nǹkan ni nǹkan ọ̀hún fi di májèlé?

“Ìbùkún, ṣé àgbo mi ni?”

“Mọ́mì, it's my career.”

“Mi ò bi ọ́ ní career.”

Ọmọ wolẹ̀. Inú ìyá bàjẹ́, nítorí ó ti mọ èsì.

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì Seth láti fi ọ̀rọ̀ tí ìyá máa sọ lójú ìgbìmọ̀ kọ́ra, Kíkẹ́lọmọ ṣí fúláàsì rẹ̀, ó mu àgbo tẹ́rùn, ó nu ẹnu. Ó fi òyìnbó sọ fún lọ́yà pé kó gba ìtọ̀ òun, kó gba ti ọkọ òun, kó gba ti gbogbo ìjọ. Bí wọ́n bá rí oògùn yẹn lára ẹnì kan ṣoṣo, òun á gbé ẹ̀bi. Bí wọn ò bá rí i, kí wọ́n fi àgbo tí ìyá òun kọ́ òun sílẹ̀. Seth tún fẹ́ máa rọ̀ ọ́.

“Seth, let it go,” ni Ìbùkúnolúwa wí. “Mọ́mì, èmi ni mo gún oògùn náà sára. Èjìká mi ti ń bàjẹ́, ẹ̀rù bà mí.”

Omi dà lójú ìyá. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní ibi tó bá ti fẹ́ sọ ọ́, àwọn jọ ń lọ ni.

Ìbùkúnolúwa sọ ọ́ lójú ìgbìmọ̀, wọ́n sì lé e fún sáà náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní òun ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì.  Kíkẹ́lọmọ ní kó wọ bàtà. Ìjókòó iwájú ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn, ìyá dìde, ó kọjú sí wọn.

“Ọmọ mi jẹ̀bi, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ta ló kàn?”