Omi Àlùwàlá Ẹnu Ọ̀nà Wa

Dókítà Báyọ̀dé tẹ oríkèé ọmọ-ìka màmá mi ní ilé ìwòsàn ní Ìgàndó, màmá mi sì fa ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Gbogbo oríkèé rẹ̀ ló wú, láti ọwọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Àwọn purotéènì kéékèèké kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, Mà," ni dókítà wí. "Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọn a lọ kan ìlẹ̀kùn ara àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sì mọ ìránṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti ṣí, àwọn ọmọ ogun ara á tú jáde. Ìjà wọn ló ń mú ibẹ̀ wú, tí ó ń mú un gbóná. Nínú ara tiyín, àwọn ìránṣẹ́ yìí ń kígbe olè níbi tí olè kò sí. Oògùn tí mo fẹ́ fún yín, ẹnu ìlẹ̀kùn yẹn ni yóò dí, kí wọ́n má baà rí i kàn."

"Ta ló wá rán wọn?" ni màmá mi bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán wọn, Mà. Ara yín ló ń bá ara rẹ̀ jà. Ẹ má wá ọ̀tá kankan lọ síta."

Màmá mi wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tí ó ti fi ṣe ọ̀tá.

Tíṣà ni màmá mi, ará Èkìtì. Ní ìjọ Aládùúrà tí ó ń lọ ní Ìkọ̀tún, a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Láti ilé ni yóò ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí àdúrà òwúrọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, aríran ìjọ ní òun rí omi tí a dà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, orí omi náà ni ó sì ń tẹ̀. Ìyá Rídwàn, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ni í jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣe àlùwàlá kí ó tó kí ìrun àsùbáà, omi rẹ̀ a sì ṣàn dé ẹnu ọ̀nà tiwa. Ó ti ń ṣe é kí a tó kó dé ilé náà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ní ìdí ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo ará ilé, ó na ìka wíwú náà, ó ní, "Àjẹ́ ni ọ́. Ìwọ lò ń da omi burúkú sí mi lọ́nà." Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Rídwàn ti ń gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tó ń rùn.

Nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, màmá mi ní, "Tóyìn, bá mi gbé ọsàn yìí fún Ìyá Rídwàn."

"Kí n ní kí ni, Mà?"

"Ní mo kí i ṣá."

"Ṣé ọsàn ló máa bá yín bẹ̀ ẹ́ ni?"

Ó dìde fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e.

"Ìyá Rídwàn," ni ó wí lẹ́nu ilẹ̀kùn, "dókítà ní kì í ṣe omi yẹn."

"Tíṣà, níbo lẹ ti pè mí ní àjẹ́? Ṣé inú yàrá mi níbí ni?"

"Ní ìdí ẹ̀rọ."

"Ẹ̀rọ ò tíì kúrò níbẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ilé ti to bọ́kẹ́ẹ̀tì, màmá mi jáde nínú sùtánà funfun. Ó lọ dúró ní ìdí ẹ̀rọ, ó kọjú sí wọn.

"Mo parọ́ mọ́ Ìyá Rídwàn. Àìsàn ara mi ni."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò ju àbúrò rẹ̀ lọ, orúnkún kọ̀. Ó di páìpù mú, ó sì fipá sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin náà lẹ mà ní ká máa sá fún un," ni Bàbá Goodluck, ọ̀kan nínú àwọn ará ilé, wí. "Ìyàwó mi ò jẹ́ kí ọmọ wa gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, Tíṣà. Ta ló máa wá bẹ ọmọ?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Rídwàn gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó fà á dìde.

"Ẹsẹ̀ ń dùn yín. Mo ti gbọ́."

Ó padà sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Wíwú náà ti ń fà. Màmá mi ti lè di ṣọ́ọ̀kì mú. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn fún un, yóò dúró nínú sùtánà rẹ̀, yóò fetí sílẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilé, níbi gọ́tà, ni ìró kẹ́tù Ìyá Rídwàn ṣì ti ń wá. Yóò rọra gbé ẹsẹ̀ lásán sí ẹnu ọ̀nà wa, ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ, kò sí omi kankan níbẹ̀ mọ́; màmá mi yóò tẹ orí ba, yóò lọ.