Gbólóhùn Tí Ẹnu Ezra Kò Gbà

Iṣẹ́ ìpolówó ni Láídé ń ṣe, ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Festac. Òun ló máa ń kọ bíríìfù, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn gbajúmọ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára ohun tí wọ́n máa polówó àti bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Kò sí ohun tí kì í wà nínú bíríìfù tirẹ̀: aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, ibi tí wọ́n máa dúró sí, títí dé ìgbà tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀, Àǹtí Yíwọlá, a máa ní bí Láídé bá kọ bíríìfù, òkú gan-an lè dìde fi í ṣe fídíò.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìkẹ́ gbé iṣẹ́ wá láti Kuje tó wà ní Amúwò. Ògì gbígbẹ ló ń ṣe. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló kọ́kọ́ kiri ògì ládùúgbò yẹn, igbe tí ìyá náà ń ké nígbà yẹn ni Ìkẹ́ sì tẹ̀ sára ọ̀rá tirẹ̀: "Kò ní kókó, kò kan jù, kíkúnná ló kúnná."

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe wà yẹn," ni Ìkẹ́ wí. "Ohùn màmá mi nìyẹn."

Ezra ni wọ́n mú. Ọmọ Festac ni, òun àti bàbá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n jọ máa ń dáná nínú fídíò. Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń sọ̀rọ̀ làwọn èèyàn fẹ́ràn, bí ẹni tó ń fara balẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ yíyọ̀. Láídé kọ ọ́ sínú bíríìfù pé kó sọ gbólóhùn Ìkẹ́ níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti níparí, kó má yọ ọ̀rọ̀ kan, kó má fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ezra gbà. Àmọ́ fídíò ò dé. Ó ní iná ò sí. Lẹ́yìn náà, ó ní ọ̀fìnkìn ń yọ òun lẹ́nu. Nígbà tí fídíò náà wá dé, Ezra kàn dúró gbagidi ni, kò sọ nǹkan kan. Ó kọ gbólóhùn náà sójú fídíò.

"Ìgbéraga ni," Àǹtí Yíwọlá sọ. "Wá ẹlòmíì."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ rí i."

Bàbá Ezra, Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, ni Láídé bá níwájú ilé wọn, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Láídé kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ẹni tó jẹ́.

"Ṣé ìwọ lo kọ ìwé yẹn?" Kò sí ìbínú lóhùn bàbá. "Ọmọ mi ń kólòlò. Àwọn tó ń wò ó ò mọ̀, torí ó ti mọ ọ̀nà tó ń gbà yẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ sọ pé kò sí, á ní ó ti tán. Bó bá fẹ́ pe Kọ́ládé ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní ọmọ Ìyá Ṣìmí. Ìwọ wá di gbogbo ọ̀nà yẹn mọ́ ọn."

Bàbá bu ẹ̀gúsí mìíràn sọ́wọ́.

"Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n á ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Èmi ò dúró dìgbà yẹn. Ọ̀gá ló rọ̀ ọ́ lẹ́nu, Ọ̀gá náà ni mo ń jẹ́."

Ezra jáde sí wọn. Ó kí Láídé, ojú ń tì í. Ó fẹ́ béèrè nǹkan, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há. Ó ń ṣe Láídé bíi kó bá a parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé bàbá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, kò kánjú. Òun náà dúró.

"K-k-kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́?"

"Mi ò ronú kàn án rárá, Ezra. Má bínú."

Ibẹ̀ náà ló jókòó sí tó fi fóònù tún bíríìfù yẹn kọ. Ó kọ ọ́ pé àwọn abiyamọ tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ àtàwọn àgbà tí eyín wọn ò lágbára mọ́ ni ògì náà wà fún. Kí wọ́n fojú rí i pé ó kúnná. Kó má ṣe sọ pé ó ń wo àìsàn kankan. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Èyí tó kù, bó bá ṣe wá sí ọ lẹ́nu."

Ó lọ bá Ìkẹ́ ní Kuje. Kò dárúkọ kíkólòlò rárá, torí Ezra ò fẹ́. Ó ní òun lòun kọ ìwé tó há jù fún ọmọ náà.

"Ohùn màmá mi wá ńkọ́?"

"Ó wà lára ọ̀rá, mà. Àmọ́ ẹni tó ń polówó náà ní ohùn tirẹ̀."

Ìkẹ́ wo ọ̀rọ̀ tó wà lára ọ̀rá náà. "Kò burú. Màmá mi náà ò rí igbe yẹn kà nínú ìwé."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fídíò náà, Ezra ní kí Láídé wá. Ó da omi gbígbóná sí ògì, ó rò ó, ó gbé ṣíbí sókè, ògì sì ń ṣàn sílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. "Ẹ wò ó," ló sọ. "Ọ̀gá, ẹ tọ́ ọ wò."

Bàbá tọ́ ọ wò, ó tún bù sí i. Ló bá kọjú sí fóònù, ó fa ohùn bí ẹni tó ń kiri ọjà, ó ní: "Kò ní kókó, kò kan jù, kíkúnná ló kúnná."

Ẹnikẹ́ni ò ní kó sọ ọ́. Ezra dá ọwọ́ dúró. "Ta ló kọ́ yín?"

"Ṣé ò ń rò pé mi ò gbọ́ ọ ní yàrá ni? Gbogbo ọjọ́ tó o fi ń bá a jà, èmi náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń bá ọ sọ ọ́."

Ezra rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ gáàsì ni wọ́n fi ń dáná. Kò gé nǹkan kan kúrò nínú fídíò náà.

Ìkẹ́ wò ó tán, ó pe Láídé. "Bí màmá mi ṣe máa ń fà á nìyẹn gẹ́lẹ́," ló sọ. Kò pẹ́ tí àwọn ará Amúwò àti Mile 2 fi ń béèrè ògì rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, Láídé kì í kọ bíríìfù láìkọ́kọ́ pe ẹni tó fẹ́ gbà á. Wọn kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́; á kàn ní kí onítọ̀hún sọ ohun tó jẹ láàárọ̀, á sì máa gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Àǹtí Yíwọlá ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí Láídé bá ti gbé fóònù sétí, òun náà a rọra ti ilẹ̀kùn kí ariwo má bàa wọlé.