Ọ̀dà Tí Kò Tíì Gbẹ

Òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ìkóríta, kó tó rí ilé náà rárá. Onídìrí dúró. Ó gbé àpò irun rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ ilé ẹlòmíì ni. Ó yí igun. Ilé tiwọn ni. Ilé tí gbogbo èèyàn máa ń kọjá lára rẹ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, tí ògiri rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà láti ọjọ́ tí wọ́n ti háyà rẹ̀, òun ló wá ń dán láàárọ̀ kùtù yìí, tó ní àwọ̀ èèpo ẹyin, tí wọ́n sì fi àwọ̀ ewé gba etí fèrèsé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lókè àkàbà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń súfèé.

"Káàbọ̀," ọkọ rẹ̀ ní, ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀. "Má tíì sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́ wò ó ná."

Onídìrí gbé àpò irun náà sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ìyá onílé ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé pé òun ti ta ilé náà fún wọn. Ìyá náà ló ní níbẹ̀ lòun ti fẹ́ fọwọ́ sí i, kí òun lè fojú kan ilé náà kẹ́yìn.

Ẹni tó bá mọ àdúgbò náà ló máa mọ ohun tó ń ba obìnrin yìí lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n kó débẹ̀, àwọn tí agbára wọn ò gbé ibòmíì ló ń gbé ibẹ̀, wọn ò sì fi bò fẹ́nì kankan. Ìgbà tó yá, ẹnì kan ra ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ tó wà ní ìkóríta, ó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga gíga mu kọfí. Àwọn tó ń fi okùn fa ajá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Wọ́n á dúró, wọ́n á gbójú sókè wo òrùlé, wọ́n á yọ fóònù. Ilé tí wọ́n bá sì ti ya fọ́tò rẹ̀, kì í pẹ́ tí ayálégbé ibẹ̀ fi ń wá mọ́tò tó máa kó ẹrù rẹ̀. Tiwọn nìkan ni wọn kì í yà. Ó burẹ́wà débi pé ọmọ ìyá onílé, ọkùnrin kan báyìí tó fẹ́ràn bàtà dídán, kì í jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ fara kan ògiri náà. Lójú wọn báyìí ló ṣe sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé e fún wọn jàre, ta ló tún máa rà á?" Ìyá náà sì gbà. Ẹnu lásán ni o, wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Onídìrí ò ti gbá iwájú ilé náà dáadáa mọ́. Ó sì kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé tó bá fi lè fi búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, nǹkan máa ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà.

Ẹni tó kìlọ̀ fún náà ló ń súfèé yìí.

"Nígbà tó o lọ dirun fún ìyàwó tó fẹ́ ṣègbéyàwó yẹn lánàá tó o ní o máa sùn síbẹ̀," ọkọ rẹ̀ ń bọ́rọ̀ lọ, "mo jókòó, mò ń wo ilé yìí. Mo ní rárá o, a ò lè gba ilé tó rí báyìí. Á dà bíi kéèyàn lọ gba ìyàwó tí wọn ò wẹ̀ fún."

Lọ́jọ́ tí inú Onídìrí bá dùn, "Ọlọ́dà mi" ló máa ń pè é. Lónìí, kò pè é ní nǹkan kan.

"Ọmọ ìyá onílé ńkọ́?" ló bi í. "Tẹ́ ẹ bá jẹ́ òun, tẹ́ ẹ dé bá ilé tó rí báyìí, ṣé iye tẹ́ ẹ dá lé e nígbà tó burẹ́wà lẹ ṣì máa tà á?"

Ọkọ rẹ̀ rọra fi búrọ́ọ̀ṣì sínú agolo ọ̀dà. Ọlọ́dà kì í ṣe òmùgọ̀. Òun gan-an ni wọ́n máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé, á kùn ún, owó rẹ̀ á sì fò sókè kí ọ̀dà tó gbẹ. Ó ti ṣe é sí ilé onílé láìmọye ìgbà. Ohun tó tàn án jẹ ni pé lọ́kàn tirẹ̀, ilé yìí ti di tiwọn.

Bí wọ́n ṣe dúró bẹ́ẹ̀, obìnrin kan àti ọkùnrin kan tó ń fa ajá dúró sójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà yọ fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n fẹ́ ta ilé yìí ni?" obìnrin náà béèrè.

"Wọ́n ti tà á," Onídìrí dáhùn.

"Ó mà dára o. Ta ló ni ín?"

"Kò sí nílé."

Wọ́n ya fọ́tò náà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Onídìrí sọdá títì lọ bá Ìyá Alágbàfọ̀, tó ń gbé yàrá kan nínú ilé tó dojú kọ tiwọn, tó sì ti ń wo gbogbo eré náà láti ìdí ọpọ́n rẹ̀.

"Ìyá, ẹ yá mi ní korobá kan."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ìyàwó?"

"Ẹ ṣáà yá mi."

Ó fi korobá náà bu ẹrẹ̀ gọ́tà kún dẹ́nu. Ó padà, ó dúró níwájú ilé, ó sì dà á lu ògiri. Ó tún bu òmíì. Ẹrẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ àwọ̀ ẹyin yẹn, ó ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ fọwọ́ lẹ́rán.

Ọlọ́dà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà. Onídìrí ń retí pé kó pariwo mọ́ òun, ó tiẹ̀ wù ú kó pariwo. Ọkọ rẹ̀ kàn lọ dúró ti ògiri náà ni, ó ń wò ó.

"Mi ò kùn ún báyìí rí fún ẹnikẹ́ni," ló sọ.

"Mo mọ̀." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ má bínú. Mo mọ̀."

Ọlọ́dà gba korobá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Èyí ò lè tan ẹnì kankan jẹ. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ẹnì kan ló da ẹrẹ̀ sí i. Ìdọ̀tí kì í bẹ̀rẹ̀ láàárín ògiri. Abẹ́ òrùlé ló ti máa ń ṣàn wálẹ̀, á tún ṣàn lábẹ́ fèrèsé. Nísàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ òjò ti máa ń ta sókè. Bu omi wá, kó o sì wá èédú."

Ó lọ èédú, ó pò ó mọ́ ẹrẹ̀ títí tó fi ṣàn. Ó gun àkàbà padà, ó sì ń fi fóòmù fún un sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ó ń jẹ́ kó wá ọ̀nà ara rẹ̀ wálẹ̀. Ó fi irin họ ọ̀dà kúrò níbi tó mọ̀ pé òjò máa ń bá ìjà jù. Ìyàwó rẹ̀ ń ta tìsàlẹ̀. Wọn ò wo ojú ara wọn. Nígbà tí wọ́n máa fi parí, ilé náà ti gbó ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, àfi etí fèrèsé tó kọ̀ tí kò gbó. Wọn ò tíì gbé àkàbà kúrò dáadáa tí mọ́tò fi dé.

Ọmọ ìyá onílé ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà lọ́yà kan tó di àpò mú, kí ìyá náà tó fi ọ̀pá wá ilẹ̀. Ọmọ ìyá onílé gbójú sókè. Ó fajú ro.

"Àbí ẹ kun ilé yìí ni?"

"A ní ká dọ́gbọ́n sí i díẹ̀ ni, sà," Onídìrí ní. "Ẹ wò ó, omi ti tún bà á jẹ́."

"Ẹ kàn fi ọ̀dà ṣòfò." Ó fa imú. "Òórùn ọ̀dà sì ń run gan-an."

"Èmi ni, ọ̀gá," Ọlọ́dà dáhùn. "Tí mo bá wẹ̀ títí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń run."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rín, àmọ́ fóònù rẹ̀ dún, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní àkókò yẹn ni ìyá onílé rìn lọ bá ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Onídìrí sún mọ́ ọn kó lè ní kó má fọwọ́ kàn án, ó ti pẹ́ jù. Ìyá náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ògiri, bí èèyàn ṣe ń dágbére fún ẹni tó ń sùn. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, àtẹ́lẹwọ́ náà ti di àwọ̀ èèpo ẹyin.

Ìyá náà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo etí fèrèsé, ó wá wo Onídìrí. Ó ti tán, ni Onídìrí ń sọ nínú ara rẹ̀, ó ti tán.

"Mọ́mì, ṣé kò sí nǹkan?" ọmọ rẹ̀ béèrè.

Ìyá náà di ọwọ́ náà pọ̀. "Kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wọlé, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi kọ orúkọ rẹ̀ sí gbogbo ibi tí lọ́yà nawọ́ sí. Ti òsì wà lórí itan rẹ̀, dídì, títí wọ́n fi palẹ̀ ìwé mọ́. Onídìrí náà fọwọ́ sí i, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i, kò sì sẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó mọ ohun tí òun kọ gan-an.

"Ọmọ mi, mú mi lọ síbi tí mo ti lè fọwọ́," ìyá onílé ní.

Nínú ilé ìdáná, Onídìrí ń da omi sí i lọ́wọ́, kò lè gbójú sókè.

"Mo ti sọ pé ẹ̀yin ni mo tà á fún," ìyá náà ní. "Ọmọ mi ò nílò kó mọ gbogbo nǹkan. Ọkọ rẹ mọṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fọ ìranù tẹ́ ẹ dà sí i kúrò. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ ní tútù, ọ̀dà á bá a lọ."

"A dúpẹ́, mà."

Mọ́tò náà lọ. Wọ́n di ara wọn mú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì pe ọkọ rẹ̀ ní Ọlọ́dà mi. Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ nígbà tí Ọlọ́dà fi èékánná ha ògiri, tó ní ó ti gbẹ. Ó wá ọṣẹ, ó wá fóòmù. Onídìrí pọn omi tó mọ́ sínú korobá tó yá láàárọ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ sọdá, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Ẹ kú oríire. Mo bá yín yọ̀, dénú ni." Ó sì dénú lóòótọ́, ó hàn lójú rẹ̀. Àmọ́ kò lọ. "Ìyàwó, ṣé ẹ ti fẹ́ fọ̀ ọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ṣé ẹ ò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ ná?"

Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìyá Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Onílé mi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí," ló ní. "Tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ilé yín lojú rẹ̀ máa lọ bá. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń bi mí pé ṣé àdúgbò yìí ti ń dára ni. Mo ní kò dára."

Onídìrí wo ilé òdìkejì. Ògiri tó ṣí, fèrèsé tí wọ́n fi páálí dí, okùn aṣọ tó kún fún aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Ó ti ń wò ó lójoojúmọ́, kò sì rí i rí pé obìnrin yìí náà kì í gbá iwájú ilé rẹ̀.

"Títí di ìgbà wo?" ọkọ rẹ̀ béèrè lẹ́yìn rẹ̀, fóòmù lọ́wọ́. Kò fi ìbínú béèrè.

Onídìrí gbé korobá náà, ó sọdá títì, ó da omi tó mọ́ náà sínú ọpọ́n alágbàfọ̀. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, níbi tí obìnrin náà máa ń dúró sí láti àárọ̀, ó sì yíjú wo ilé tirẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti bọ́ sára rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo ẹrẹ̀ tí wọ́n fi bò ó, ó ṣì ń dán.