Ìjókòó Sẹ̀gilọlá Nínú Ìjàpá

Ọdún méjìdínlógójì ni Akínwùmí Ògúndìran fi jókòó lápá ọ̀tún nínú ọkọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń wà. Òun náà mọ ọkọ̀ wà, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá ló fi èrè òwú àti bọ́tìnì tó ń tà ní Àlàbá ra ọkọ̀ Volks tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá lọ́dún 1986. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á jáde ní géètì Volks, níbi tí wọ́n ti ń to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ rẹ̀ kò bá a du sítíárìnì. Nígbà tí Akínwùmí ń ṣe akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí fún ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà dè é láàárọ̀.

“Ọ̀gá sítọ̀, ṣé ìyàwó ti gbé yín dé?”

Akínwùmí a kàn gbé báàgì rẹ̀ wọlé. Kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí wákàtí tó dùn mọ́ òun lọ́jọ́ bí ìgbà tí Sẹ̀gilọlá bá ń wa ọkọ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, tí òun kàn ń gbọ́.

Obìnrin kúkúrú ni. Ó ti fa ìjókòó awakọ̀ síwájú títí àyà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárìnì, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú.

Oṣù kẹwàá rèé tó ti kú. Ìjàpá wà lábẹ́ igi fúrúùtù ní ilé wọn n'Íbà. Ní gbogbo Sátidé, Akínwùmí a ṣílẹ̀kùn, a na ọwọ́ wọlé láti ìta, a fi kọ́kọ́rọ́ ṣáná sí ọkọ̀, a dúró gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì díẹ̀, a sì pa á. Kò jókòó síbẹ̀ rí.

Ọmọ rẹ̀, Babájídé, ló mú fọ́ọ̀mù wá. Ìjọba ti gbé ètò kan dé: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti lé ní ogún ọdún, kó wà á wá kí wọ́n fọ́ ọ, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀dínwó tí yóò fi ra tuntun tí wọ́n tò nílẹ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ni Babájídé ń bá ṣiṣẹ́ lọ́nà Àgbárá. Ó ní látìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ti pe ogójì òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti dá dúró padà. Ó ní èéfín máa dín kù, epo tí à ń jó máa dín kù, owó máa yí nílé dípò kó máa lọ sókè òkun. Ó ní òun ló máa san ìyókù owó ọkọ̀ tuntun. 

“Dádì, ẹ ò sì ní máa wò ó lábẹ́ igi mọ́,” ni Babájídé fi parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dá fún un, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé. Wọn kì í gba èyí tí wọ́n fi okùn fà.

Ní Ọjọ́rú, Àsánì mẹkáníìkì wá láti Okokomaiko láti tún un ṣe. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti mọ Ìjàpá yìí. Nígbà tó gbọ́ ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ, ó sọ sípánà sílẹ̀.

“Baba, ogójì tí wọ́n pè padà yẹn, wọ́n rí wọn kà. Ta ló ń ka àwa? Èmi, rìwáyà, panẹbítà, ìyá tó ń se ìrẹsì fún wa ní yáàdì. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fọ́, pátì ara rẹ̀ tó yẹ kó gbé ọkọ̀ márùn-ún mìíràn dìde ni wọ́n fọ́ yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé Akínwùmí wọlé. Ní ayé iṣẹ́ rẹ̀, bí ọkọ̀ ìjọba bá ti gbó, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, yóò pàdé lọ́rì kan náà tó ń kó yanrìn ní Okokomaiko, inú rẹ̀ a sì dùn bí ẹni pàdé ẹlẹgbẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí ara rẹ̀ ṣì le. Bẹ́ẹ̀ ni kò fojú tín-ín-rín wo ogójì òṣìṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ sọ. Ó rántí ìgbà tí Volks kógbá sílé, àwọn ọkùnrin tí wọ́n dúró ní bọ́sítọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn tí wọn kò ní ibì kankan tí wọ́n ń lọ. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé orílẹ̀-èdè tó ń ba ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ kó lè ra tuntun, ṣé ó ń lówó sí i ni, àbí ó kàn ń náwó sí i?

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó kó ìwé ọkọ̀ sínú báàgì rẹ̀, ó sì jókòó síbi ìjókòó ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Eékún rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ sítíárìnì. Ó fọwọ́ kan irin tí wọ́n fi ń sún ìjókòó. Ó ti dógùn-ún, kò mì. Kò fi agbára fà á. Bó ṣe kákò síbẹ̀ náà ló wà á gba Ìyànà-Ìbà, tó kọjá Volks, níbi tí Sẹ̀gilọlá a máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń kọjá, bí ẹni ń kí ilé àna. Ó dé ibẹ̀, ó fọn ọ́n.

Ní pápá tí wọ́n ti ń gba ọkọ̀, lọ́nà Ọ̀jọ́, ọ̀dọ́bìnrin òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Hikmat ló yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó rí bí eékún àgbàlagbà náà ṣe ká, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Daddy, kí ló dé tẹ́ ò sún ìjókòó sẹ́yìn?”

“Kì í ṣe èmi ló ń jókòó síbẹ̀.”

Hikmat ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbé ìgò oògùn kan jáde, ó ṣàlàyé pé àwọn máa dà á sínú ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì máa tẹ iná mọ́ ọn títí yóò fi dákẹ́.

“Ṣé ẹ́ńjìnnì yìí ń ṣàìsàn ni?” Akínwùmí bi í.

“Rárá, sà. Ó dára gan-an. Ìdí tá a fi ń fún un lóògùn nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e sínú ọkọ̀ mìíràn.”

Akínwùmí fi ọwọ́ lé sítíárìnì.  Ara Sẹ̀gilọlá ti rẹ̀ tán kó tó lọ. Òun gan-an ló ní kí Ọlọ́run fún un nísinmi. Ara Ìjàpá yìí kò tíì rẹ̀.

“Ọmọ mi, tó bá ti kú, ǹ bá gbé e fún yín. Mi ò lè fẹsẹ̀ ara mi pa ohun tí ara rẹ̀ le.”

Hikmat ní ìwé ẹ̀dínwó náà máa bọ́ mọ́ bàbá lọ́wọ́ o. Akínwùmí ní òun gbọ́, ó kí i pẹ̀lẹ́, ó sì yí ọkọ̀ padà.

Kò lọ sílé. Okokomaiko ló kọrí sí. Ó ti páàkì sí yáàdì Àsánì nígbà tí Babájídé pè láti béèrè bóyá ó ti fà á lé wọn lọ́wọ́. Ó sọ pé rárá. 

“Dádì, ṣé kó tún lọ máa wà lábẹ́ igi nìyẹn?”

“Màá máa wà á,” ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó sọ fún Àsánì pé kó bá òun sún ìjókòó sẹ́yìn. Àsánì wo ojú rẹ̀, kò ṣàwàdà. Ó da epo sí irin náà, ó mú òòlù.

“Dúró ná,” Akínwùmí wí. “Kọ́kọ́ sàmì síbi tó wà.”

Àsánì fi fáìlì tí wọ́n fi ń fá irin fa ìlà kan sára irin ìsàlẹ̀, ó tún un fà kó lè jinlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi òòlù lù ú, ẹ̀ẹ̀mẹta, ìjókòó náà sì yọ̀ lọ sẹ́yìn.

Akínwùmí wọlé, ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà dáadáa. Ó yíjú sí ọ̀tún, síbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jókòó láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tí kò tíì fojú awakọ̀ wò rí. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń rí nìyẹn, ní gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn. Ó gbé báàgì rẹ̀ síbẹ̀, ó ṣáná sí ọkọ̀.