Òǹkà Tó Dá Ohùn Tinúọlá Padà

Tísà ìṣirò ni Tinúọlá, ìyàwó Akínfẹ́nwá, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọgbà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní kíláàsì, kì í sì í dákẹ́ nílé. Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọ lù ú lójijì, tó dá apá ọ̀tún rẹ̀ dúró, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, èémí lásán ló ń jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, Akínfẹ́nwá á ti ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Agége wá sí ọsibítù ní Ìkẹjà, òórùn mílíìkì lára aṣọ rẹ̀. Hameedah, tó ń kọ́ àwọn aláìsàn láti tún máa sọ̀rọ̀, ti ní kó máa bá ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tí ìyàwó náà fẹ́ràn. Akínfẹ́nwá sọ̀rọ̀ ọmọ, ó kọrin ìjọ wọn, ó dárúkọ àwọn ará wọn ní Ìkẹ́rẹ́. Pàbó ló já sí.

Lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó rántí òǹkà kan tí Tinúọlá fi hàn án ní Òpèbí nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà. Ó ya páálí bisikíìtì, ó kọ ọ́ sí i: 142857.

“Tinú, o ní bí mo bá sọ èyí di ìlọ́po méjì, àwọn nọ́ńbà yìí kan náà ló máa jáde, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa yí padà.” Ó ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìnira. “Méjì, mẹ́jọ, márùn-ún, méje, mẹ́rin, ọ̀kan.”

Tinúọlá tẹjú mọ́ páálí náà, ó mi orí.

“Rárá,” ló wí. Ohùn náà há, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. “Ọ̀kan. Mẹ́rin.”

Akínfẹ́nwá tún mú bírò. Ó tún un ṣírò: 285714. Òótọ́ ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

“Ìlọ́po mẹ́ta ńkọ́?”

“Mẹ́rin, méjì, mẹ́jọ,” ó sinmi, “márùn-ún, méje, ọ̀kan.”

Akínfẹ́nwá ké sí Hameedah. Wọ́n jọ ń bi í lọ títí dé ìlọ́po mẹ́fà, àwọn nọ́ńbà kan náà sì ń yí po bí àwọn ọmọdé tó di ọwọ́ ara wọn mú.

“Ìlọ́po méje ńkọ́, mọ́mì?” Hameedah bi í.

Tinúọlá fi apá kan ẹnu rẹ́rìn-ín. “Mẹ́sàn-án. Gbogbo ẹ̀.”

Hameedah yọ fóònù, ó ṣe é: 999999. Akínfẹ́nwá jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. “Ẹ ṣé,” ló ń wí. Kò mọ ẹni tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, bóyá Ọlọ́run ni, bóyá Hameedah, bóyá ìṣirò tí òun kò mọ̀ dáadáa.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yòókù ń tẹ̀ lé nọ́ńbà wá. Ọ̀rọ̀ náà “omi” ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà orúkọ àwọn ọmọ.

Nígbà tí wọ́n ti padà sílé, Hameedah wá kí wọn. Tinúọlá fi ọwọ́ òsì kọ òǹkà náà, ó là á sí méjì, ó sì rò wọ́n pọ̀: 142 àti 857 di 999. Ó tún là á sí mẹ́ta: 14, 28 àti 57 di 99. Hameedah kàn ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Akin,” Tinúọlá wí, “bá wa gbé oúnjẹ wá. Àlejò wa ò tíì jẹ nǹkan kan.”

Akínfẹ́nwá dìde, ó ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ sí kíṣìnì.